Ìjàpá láàrin Ọjà àti Ààfin: Láti Orí Ìdè dé Inú Ọgbà

Ìfáárà

Ọjà Ọba ní ìlú Bìní, tí àwọn Ẹdó ń pè ní Ekioba, wà ní àárín gbùngbùn ìlú náà, kò sì jìnnà sí ààfin. Ó pẹ́ tí a ti ń ta ẹran ìgbẹ́ ní Bìní. Nínú ìwé tí Pieter de Marees tẹ̀ jáde ní Amsterdam ní ọdún 1602, ẹnì kan tí ó ti dé ìlú náà ka ohun tí ó rí lórí àtẹ: ajá ààyè, ọ̀bọ sísun, eku, odídẹrẹ́, adìẹ àti alángbá gbígbẹ. Títí di òní, ohun tí ọdẹ bá mú bọ̀ láti inú igbó ń gba ọ̀nà ọjà lọ sí ìkòkò ọbẹ̀ tàbí sí ìdí ẹbọ, ìjàpá kò sì gbẹ́yìn nínú wọn ní àwọn ọjà ìhà gúúsù Nàìjíríà.

Ìtòsí ọjà àti ààfin yìí ni ó mú ìbéèrè wá. Ìjàpá tí ó bá dé orí àtẹ kì í sábà pẹ́ láyé mọ́. Èyí tí ó bá dé ààfin lè pẹ́ ju ọba mélòó kan lọ. Kí ni ààfin ní tí ọjà kò ní? Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé òpó mẹ́ta ni ó ń gbé ọgbà ààbò ró: odi tí ó bá ìwà ẹranko náà mu, ẹni tí a yàn sídìí rẹ̀, àti àkọsílẹ̀. Ìtàn fi hàn pé a ní méjì àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ẹ̀kẹta ni ó wọ́n láàrin wa.

Ìjàpá inú àlọ́ àti ìjàpá inú igbó

Nínú àlọ́ Yorùbá, Ìjàpá, tí a tún ń pè ní Ahun tàbí Alábahun, ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Egui ni àwọn Ẹdó ń pè é, ìwà kan náà ni ó sì ń hù nínú ìtàn tiwọn. Orúkọ náà bá àwọn tí a kó lẹ́rú rékọjá òkun: nígbà tí Lydia Cabrera kó àwọn ìtàn kan láti Cuba jọ sínú ìwé ní ọdún 1971, Ayapá ni ó wà nínú àkọlé rẹ̀, àjàpá tiwa sì ni. Ní Cuba yìí kan náà, ìjàpá wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ Ṣàngó.

Nínú àlọ́, àwọn ẹranko yòókù ni ó ń ṣọ́ra fún Ìjàpá. Lójú ayé, òun gan-an ni ó nílò ẹ̀ṣọ́. Kò lè sáré, kò sì ní ohun ìjà ju pé kí ó fa orí àti ẹsẹ̀ wọlé lọ.

Oríṣi tí ó wà kò sì jẹ́ ọ̀kan. Nínú igbó kìjikìji ìhà gúúsù ni a ti ń rí Kinixys homeana àti Kinixys erosa, àwọn ìjàpá kékeré tí ẹ̀yìn ìkarahun wọn ní oríkèé tí ó lè tẹ̀ wálẹ̀ bí ìlẹ̀kùn láti dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lé. Ìbòòji àti ilẹ̀ tútù ni wọ́n fẹ́. Olú, èso tí ó já bọ́, ìgbín àti ekòló ni wọ́n ń jẹ. Ní bèbè aṣálẹ̀ ìhà àríwá ni Centrochelys sulcata wà, ìjàpá ńlá tí ó lè wọ̀n ju ọgọ́rin kílò lọ. Koríko ni oúnjẹ tirẹ̀, ó sì máa ń gbẹ́ ihò jíjìn sínú ilẹ̀ láti sá fún oòrùn. Ẹni tí ó bá kọ́ ọgbà kan náà fún àwọn méjèèjì yóò pa ọ̀kan nínú wọn.

Ìdè

Ọ̀nà àtijọ́ tí ó rọrùn jù lọ láti fi mú ìjàpá dúró ni ìdè. A ó lu etí ìkarahun rẹ̀ ní ihò, a ó ki okùn bọ̀ ọ́, a ó sì so ó mọ́ òpó tàbí ìdí igi. Ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ rò pé ìkarahun dà bí èékánná tí a lè gé láìdun ẹni. Ṣùgbọ́n ìkarahun kì í ṣe ẹ̀wù. Eegun ni, ó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn àti ìhà ẹranko náà. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ìrora sì ń dé ibẹ̀. Ojú ihò náà lè di egbò. Okùn lè lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí oòrùn bá yí kúrò lápá kan igi bọ́ sí èkejì, ẹran tí a so kò lè tẹ̀ lé ìbòòji, ooru a sì pa á. Ìdè ń mú ìjàpá dúró, kò dáàbò bò ó.

Alàgbà ní ààfin Ṣọ̀ún

Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lọ nípa ìjàpá tí a sìn ní ilẹ̀ Yorùbá ni Alàgbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́. Abo ni. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2019, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀, ní àkókò Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbadé Kẹta, ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1973 títí ó fi wàjà ní ọdún 2021. Ààfin kéde pé ọdún 344 ni ó lò láyé. Ìtàn tí wọ́n sọ ni pé Isan Okumoyede, Ṣọ̀ún kẹta, tí ó jọba láàrin ọdún 1770 àti 1797, ni ó mú un wá sí ààfin. Àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti rí i, nítorí ìgbàgbọ́ pé ó ń woni sàn.

Bí a bá ṣírò ọdún náà, ọdún 1675 ni a bí i, ó sì ti tó ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó wọ ààfin. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gbà pé ìjàpá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iyèméjì wọn mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó bo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Ènìyàn méjì ni ààfin yàn láti máa tọ́jú Alàgbà. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Bí olùtọ́jú kan bá kú, òmíràn lè gba ipò rẹ̀. Bí ọba kan bá wàjà, ọba tí ó tẹ̀ lé e a jogún ẹranko náà pẹ̀lú ààfin. Ìtọ́jú tí ó di ipò kì í bá olùtọ́jú lọ sí sàréè. Èyí ni ọjà kò lè fún ìjàpá, nítorí pé ọwọ́ dé ọwọ́ ni ọjà ń ná.

Ẹlẹ́rìí tí a kọ sílẹ̀

Ní Tonga, nínú òkun Pàsífíìkì, ìjàpá kan tí ń jẹ́ Tu'i Malila gbé ní ààfin títí di ọdún 1960 ó lé díẹ̀; ìtàn ibẹ̀ sọ pé ọ̀gákọ̀ Cook ni ó fi í tọrẹ ní ọdún 1777. Ní Selborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà Gilbert White gba ìjàpá Timothy ní ọdún 1780 lẹ́yìn ikú arábìnrin òbí rẹ̀. Ó ń kọ ọjọ́ tí ó wọlẹ̀ sùn nígbà òtútù sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ó jáde. Ní erékùṣù St Helena, Jonathan dé ní ọdún 1882, ó sì ti dàgbà tán nígbà náà. Ọdún 1832 ni wọ́n fojú bù pé a bí i. Àwòrán àti lẹ́tà ayé ìgbà náà ni wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i.

Kò sí ẹ̀rí pé àwọn tí ó sin Jonathan fẹ́ràn rẹ̀ ju bí Ògbómọ̀ṣọ́ ti fẹ́ràn Alàgbà lọ. Ìwé ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí ìjòyè kan bá ti wọn Alàgbà ní ọdún 1900, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn oníyèméjì ìbá ti gba ọ̀nà mìíràn.

Ọgbà náà gan-an

Agbo-ilé àtijọ́ ti ní púpọ̀ nínú ohun tí ìjàpá ń fẹ́: odi amọ̀ tí ó nípọn, àgbàlá erùpẹ̀, igi ìbòòji, àti ènìyàn nílé tọ̀sán-tòru. Àgbàlá sìmẹ́ǹtì òde òní ń gbóná bí àgbàdà, kò sì ṣeé gbẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe ọgbà lónìí ní láti dá ohun tí ó sọnù yìí padà. Kí odi jẹ́ èyí tí ojú kò ríran kọjá, nítorí pé ìjàpá tí ó bá ń rí ìta láti inú àwọ̀n wáyà yóò máa ti orí mọ́ ọn títí yóò fi fara pa. Kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán. Ti ìjàpá aṣálẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ibi oòrùn àti ibi ìbòòji wà pa pọ̀, kí omi òjò rí ọ̀nà lọ, kí àwo omi mímu má sì jìn débi tí yóò rì sí i. Ajá, eku, ìjàlọ àti olè ni ọ̀tá tí a ó máa ṣọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ ọgbà kò dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó kọ́ ọ. Àjọ IUCN ti ka Kinixys homeana mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà ní bèbè ìparun. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí òwò irú ẹranko bẹ́ẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n òwò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ni àdéhùn náà ń ṣọ́, kì í ṣe àtẹ ọjà ilé. Àánú nìkan kò sì tó. Ẹni tí ó ra ìjàpá kan lọ́jà kí ó lè gbà á là ti fún ọdẹ lówó láti padà sínú igbó. Àwọn tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tẹ́lẹ̀ ni ọgbà yẹ fún, kí a sì fi igbó sílẹ̀ fún èyí tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀.

Àwọn tí Alàgbà fi sílẹ̀ pinnu láti tọ́jú òkú rẹ̀ fún ìtàn. Ohun rere ni. Èyí tí ó wà láàyè lónìí nínú àgbàlá ẹnikẹ́ni tún sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí a wọ̀n ọ́n, kí a kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí a sì fi ìwé náà lé ẹni tí yóò jogún rẹ̀ lọ́wọ́.