Ìbà ni Àkọ́kọ́: Àwo Orin tí Angélique Kidjo Fi Bẹ̀rẹ̀ ní Ọdún 1981

Ní ilẹ̀ Kétu, bí òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ti dé, ẹni tí yóò kọ orin ẹ̀fẹ̀ kì í ṣàdédé la ẹnu. Ó ní láti kọ́kọ́ júbà: ìbà àwọn ìyá, ìbà àwọn àgbà, ìbà àwọn olórin tí ó ti jáde sí ìta náà kí òun tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìbà ni ẹnu rẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀. Nígbà náà ni yóò yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí, tí yóò sì bá ẹni tí ó ṣìwà hù wí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mú un sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fúnra rẹ̀ dá orin sílẹ̀, tí ó sì ń fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní auteur-compositeur-interprète, kì í ṣe àlejò láàrin wa. Àwo orin ni ó jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa.

Ojú àṣà yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn mọ̀. Bí a bá dárúkọ Angélique Kidjo, ọdún 1991 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, nígbà tí àwo Logozo jáde, tí gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ka ẹ̀bùn Grammy márùn-ún tí ó ti gbà, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá kí Logozo tó jáde, ọmọbìnrin náà ti ṣe àwo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pretty. Èrò mi ni pé nínú àwo kékeré yìí ni a ti lè rí irú olórin tí yóò dà, nítorí pé ìbà ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ó rí bí ìlú ṣe ń pàdánù ọmọ tí ó bí.

Ouidah ni a ti bí i, ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1960. Ọjọ́ 18 péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ni Dàhòmì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Ọmọ Fọ̀n ará Ouidah ni baba rẹ̀, Franck Kidjo. Yorùbá sì ni ìyá rẹ̀, Yvonne. Ìyá yìí ni ó ní ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé, inú ẹgbẹ́ náà sì ni ọmọ ti kọ́kọ́ dúró níwájú èrò, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Baba ń ta banjo. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní ẹgbẹ́ orin tiwọn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orin ìbílẹ̀ Fọ̀n àti ti Yorùbá kún inú ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni orin Fela láti Èkó, ti James Brown láti Amẹ́ríkà, ti Celia Cruz tí a bí ní Kúbà, àti ti Miriam Makeba láti Gúúsù Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́ ni ó ń tọ́ olórin. Ìlú pẹ̀lú ń tọ́ ọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, Mathieu Kérékou àti àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1974, wọ́n kéde pé ìlànà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀. Nígbà tí ọdún kan pé, wọ́n yí orúkọ Dàhòmì padà sí Bẹ̀nẹ̀. Rédíò ìjọba wá di Ohùn Ìyípadà, la Voix de la Révolution. Ìgbà yẹn kì í ṣe ìgbà tí orin kú ní Kútọnu. Ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ń lu ìlù wọn, Gnonnas Pedro ń kọrin, àwọn àwo wọn sì ń rìn kọjá ẹnu ibodè lọ sí Lomé àti Èkó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó di gbohùngbohùn mú, ìjọba sì ń retí pé kí olórin máa fi ohùn rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún ìyípadà náà.

Ohun méjì ni ó dúró ní ojú ọ̀nà ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ kọrin nígbà náà. Èkíní ni ẹnu ayé. Àwọn ènìyàn ka obìnrin tí ó ń dúró lórí ìtàgé lálẹ́ sí aláìníláárí, Kidjo fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ burúkú gún òun lára. Àwọn ọmọkùnrin tilẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín nítorí pé ó ń lọ sí ilé-ìwé. Láti fún wọn lésì ni ó ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú èdè kankan, Batonga, èyí tí ó padà di orúkọ ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ. Èkejì ni pé kò sí ẹni púpọ̀ tí ó lè tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tí ó ń kọrin fún gbogbo ènìyàn, tí ó sì ní ọlá, kò wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa. Ó ní láti wo òkèèrè, kí ó sì wo ẹ̀yìn.

Ó wo òkèèrè, ó rí Makeba. Nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé, ó ní ẹgbẹ́ orin kan, ó sì tún orin Makeba kan kọ, èyí tí à ń pè ní Les Trois Z. Rédíò orílẹ̀-èdè gbé e sáfẹ́fẹ́, orúkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà àwo orin ti là. Ekambi Brillant, olórin makossa ará Kamẹrúùnù, ni ó bá a ṣe ètò àwo náà. Oscar ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí ọwọ́ tí ó pàdé lórí àwo kan ṣoṣo yìí: ìyá tí ó kọ́ ọmọ ní ìtàgé, ẹ̀gbọ́n tí ó mọ ohun èlò orin, rédíò tí ó gbé ohùn rẹ̀ jáde, àti àlejò láti Kamẹrúùnù tí ó mọ bí a ti ń sọ ohùn di àwo. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ọdún 1981 ni Pretty jáde. Gbé Agossi àti Ninive wà lára àwọn orin inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi etí sí dáadáa: orin ìrántí tí ó fi bu ọlá fún Bella Bellow.

Ta ni Bella Bellow? Ọmọ Tógò ni. Ìlú Tsévié ni a ti bí i ní ọdún 1945. Ní ọdún 1966 ó kọrin ní Dakar, níbi àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ sì ti ń kàn. Èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó fi ń kọrin, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, jàǹbá ọkọ̀ pa á ní Tógò nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 28. Ọmọ ọdún 13 ni Angélique Kidjo nígbà náà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú yìí, nígbà tí ọmọbìnrin Ouidah rí àyè láti fi ohùn ara rẹ̀ sí orí àwo fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi apá kan nínú àyè náà dárúkọ ẹni tí ó lọ.

Ohun tí à ń pè ní ìjúbà nìyí. Ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe àwo àkọ́kọ́ ní ìdí tí ó pọ̀ láti máa pariwo orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Àyè orí àwo kò pọ̀, owó ìgbohùnsílẹ̀ sì wọ́n. Kidjo yan ọ̀nà àwọn olórin ẹ̀fẹ̀: ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí òun tẹ̀ lé kí ó tó ní kí a tẹ̀ lé òun. Ó tún fi hàn pé ibodè tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ya Bẹ̀nẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára Tógò kò ya orin níyà. Àwa tí ẹbí wa wà ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ, ní Àjàṣẹ́ àti ní Badagry, mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí.

Àwo náà ṣe dáadáa, ó sì jẹ́ kí ó rin ìrìn-àjò orin káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn náà yóò rò pé ìlú yóò gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lárugẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ti ń ga ni ó ṣòro sí i fún un láti máa kọ ohun tí ó wù ú láìjẹ́ pé ó sin ìjọba. Ní ọdún 1983, ọdún méjì péré lẹ́yìn àwo àkọ́kọ́, ó kúrò nílé lọ sí Páríìsì. Àwo tí ì bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé di ẹrù tí ó gbé lọ sí àjò. Ìgbà tí Bẹ̀nẹ̀ pa ìlànà Marx tì ní ìparí ọdún 1989, tí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè sì jókòó ní Kútọnu ní oṣù Kejì ọdún 1990, ọmọ náà ti fìdí múlẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Kì í ṣe pé Páríìsì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jáàsì, ó kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ Pili Pili ti Jasper van 't Hof, ará Holland. Ibẹ̀ náà ni ó ti pàdé Jean Hebrail, tí ó di ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń ṣe orin. Àwo tí ó ṣe lẹ́yìn èyí, Parakou ni ó sọ ọ́, orúkọ ìlú ńlá kan ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 1991 Chris Blackwell gbà á sí ilé-iṣẹ́ Island. Logozo sì jáde. Ìjàpá ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Fọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jìnnà sí ilé ń fi orúkọ ilé sọ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá ní ìpín tiwa nínú rẹ̀. Orin kan wà nínú Logozo tí a kọ orúkọ rẹ̀ báyìí: Ewa Ka Djo. Ẹni tí ó mọ èdè wa yóò kà á pé «Ẹ wá ká jó». Ẹni tí ó mọ Faransé yóò mọ ìdí tí a fi kọ «djo» dípò «jó». Èdè wa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé ilé-ìwé Faransé ni ó wọ̀. Àwo Ayé tẹ̀ lé e ní ọdún 1994, Oremi ní ọdún 1998. Ní ọdún 2002, nínú Black Ivory Soul, níbi tí ó ti lọ wá ìbátan wa tí ó wà ní Bahia, a rí Ominira, Okan Bale àti Iemanja. Èdè ìyá rẹ̀ kò fi í sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àmì ohùn kan lórí àwọn orúkọ wọ̀nyí láti sọ fún àwọn ọmọ wa bí a ó ti pè wọ́n.

Ìbà pẹ̀lú kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2019 ó ya odindi àwo kan sọ́tọ̀ fún Celia Cruz. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwọn olórí orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Arc de Triomphe ní Páríìsì, láti ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun 1914 sí 1918 parí. Wọ́n pe Kidjo láti kọrin ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tí a kó láti Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí Faransé jọba lé lórí. Orin tí ó yàn ni Blewu, orin Bella Bellow. Jẹ́jẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ọdún 37 ti kọjá láti ìgbà tí ó ti dárúkọ obìnrin Tsévié yìí nínú Pretty. Ìbà tí ọ̀dọ́ jú lórí àwo àkọ́kọ́ ni àgbà tún jú níwájú gbogbo ayé.

Kí ni èyí kàn wá, àwa ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́? Ó kàn wá nítorí pé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ lónìí tí wọ́n ń mú orin àkọ́kọ́ wọn jáde láti orí fóònù lásán. Rédíò kan ṣoṣo kò sé ọ̀nà mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé kò tíì yé gún ọmọbìnrin olórin lára, ẹni tí ó ní agbára kò sì tíì yé fẹ́ kí olórin máa yin òun. Bí a kò bá ra orin wọn, tí a kò gbèjà ohùn wọn, tí a kò sì kọ́ wọn bí a ti ń kọ èdè wa pẹ̀lú àmì rẹ̀, àjò ni wọn yóò gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí a tún wá àwọn àwo àtijọ́ tí ń bẹ nínú àpótí ilé wa, kí eku àti ọ̀rinrin má bà wọ́n jẹ́, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó kọrin, ẹni tí ó lùlù àti ọdún tí ó jáde sílẹ̀. Ọmọ tí kò mọ orúkọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ta ni yóò júbà fún?