Eyín Erin Ọ̀wọ̀, Igbó Ọ̀sẹ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ ayé àtijọ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé London àti New York títí dòní, eyín erin ni wọ́n sì fi ṣe é. Àwo olómorí wà níbẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ náà wà. Nínú àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ yìí, a rí èyí tó jẹ́ ìpele méjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí wọ́n sì kọ́ ara wọn. Eyín kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ méjèèjì lára rẹ̀, kò sí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọwọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ dá ṣáṣá débi pé ààfin Benin pàápàá lo iṣẹ́ wọn.

Igbó kìjikìji ló yí ìlú ká nígbà náà, láti Ọ̀wọ̀ gba agbègbè odò Ọ̀sẹ̀ lọ dé ilẹ̀ Benin, erin sì ń jẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Benin, bí ọdẹ bá pa erin, ti Ọba ni ọ̀kan nínú eyín méjèèjì. Ní Ọ̀wọ̀, ara aṣọ oyè ni eyín erin wà: àwọn ìjòyè ńlá a máa wọ orúfanran, ẹ̀wù tí wọ́n to ọnà eyín erin sí lára.

Àmọ́ kì í ṣe ọdẹ nìkan ló da Ọ̀wọ̀ pọ̀ mọ́ igbó. Ìtàn sọ pé Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, kì í ṣe ènìyàn lásán, ó sì ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ ìdì igi kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ rú èèwọ̀ náà, ó sì sá wọ igbó lọ. Ugbó Lájà ni wọ́n ti rí gèlè rẹ̀, òun alára kò padà mọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ọdún Ìgogo, tí wọn kì í lu ìlù, agogo nìkan ni wọ́n ń lù, tí ìbọn kò sì gbọ́dọ̀ dún.

Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú ilẹ̀ Ugbó Lájà. Ó bá ère amọ̀ sísun níbẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ère ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Inú igbó tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ni gbogbo rẹ̀ sùn sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Òfin ìjọba dé lẹ́yìn èèwọ̀. Igbó Olókemẹ́jì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, ní 1899, lẹ́yìn náà ni igbó ọba tàn káàkiri gúúsù, títí kan Ìfọ́n tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n gẹdú ni òfin yẹn ń ṣọ́ jù, kì í ṣe ẹranko. Ìrókò àti ọ̀gànwó bọ́ sínú lọ́rì, oko tẹ̀ lé ọ̀nà àwọn onígẹdú, ìbọn sì tẹ̀ lé oko.

Lónìí, bí ènìyàn bá fẹ́ gbúròó erin ní apá ibí, igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ó ní kó lọ, tàbí Okomu ní Edo. Ní Omo, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ti ya àwòrán wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ “mo rí nǹkan fìrí” mọ́. Ní 2021, àjọ IUCN kéde pé erin inú igbó wà ní bèbè ìparun. Àdánù náà kò mọ sí erin nìkan: erin a máa jẹ èso àpọ̀n, á sì ya kóró rẹ̀ síbi tó jìnnà, níbi tí igi tuntun ti lè hù.

Ṣé ẹranko tó ti lọ lè padà? Ní òkè Great Smoky ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ ti pa ẹranko elk, tó dà bí àgbọ̀nrín ńlá, run, kò sì sí níbẹ̀ mọ́ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 2001 àti 2002, wọ́n kó méjìléláàádọ́ta padà síbẹ̀, wọ́n sì ń bí sí i. Ṣùgbọ́n 1934 ni wọ́n ti sọ igbó yẹn di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Igbó ni wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́, fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ẹranko tó dé.

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ìṣòro mìíràn tó ṣáájú ìyẹn. Ní November 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, lójú ọ̀nà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka. Ibi tí ọba kò ti rí ọ̀nà gbà kọjá, ta ni yóò lọ ṣọ́ ẹranko níbẹ̀? Nítorí náà, ààbò ènìyàn àti ààbò igbó, iṣẹ́ kan náà ni. Ní Omo, lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó ti ṣe ọdẹ rí, wọ́n mọ ipasẹ̀ ẹranko, wọ́n sì mọ ojú àjèjì. Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ náà ní irú ọdẹ bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gbà wọ́n síṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tó jọjú, kí wọ́n máa bá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn rìn, kí wọ́n dá àwọn onígẹdú tí kò gbàwé àṣẹ dúró, kí wọ́n sì so kámẹ́rà mọ́ igi lẹ́bàá odò Ọ̀sẹ̀, kí a lè mọ ẹranko tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kí a tó máa ronú èyí tí a ó kó padà wá.