Ẹ Fẹ́ Ya Fọ́tò Òṣèré? Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Ẹ Tó Jókòó Síwájú Kámẹ́rà

Ìkéde náà kì í gùn lórí WhatsApp. "A ń wá obìnrin tó lè ṣe ìyàwó ilé, ọmọ ọdún 25 sí 30. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù." Bí irú ẹ̀ bá bọ́ sórí fóònù àwọn òṣèré wa ní Igbóbì, Ṣómólú àti Bàrígà, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́tò. Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń rí ni fọ́tò òde: gèlè ńlá, awò dúdú lójú, ọ̀rẹ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á gé àwọn ọ̀rẹ́ kúrò, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọn ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mi ò sọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dípúlómà nínú iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, fọ́tò tí mo yà níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi wá iṣẹ́ atọ́kùn lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Ó ní, "Àbúrò, ẹni tí a pè dà?" Mi ò rí iṣẹ́ náà gbà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní headshot?

Fọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ láti orí, tí kì í sábà kọjá àyà, ni. Ojú ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: kí ẹni tó ń yan òṣèré, tí kò rí yín rí, lè mọ ẹni tó máa wọlé bó bá pè yín. Kì í ṣe fọ́tò ọjọ́ ìbí, kì í sì ṣe ti ìwé ìrìnnà.

Wọ́n tún lè béèrè fún èkejì tó hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin oníjó, ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi rọrùn fún wa?

Nítorí pé fọ́tò tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ní òfin tiẹ̀. Àgbà á jókòó sórí àga, ọwọ́ á wà lórí orúnkún, agbádá á tẹ́ rẹrẹ, á kọjú sí kámẹ́rà, kò ní rẹ́rìn-ín. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó ṣèwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa àṣà yìí lọ́dún 1978. Ipò ẹni ni fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń sọ. Àmọ́ ẹni tó ń wá òṣèré ò béèrè ipò yín. Ojú yín ló fẹ́ rí.

Àwọn òṣèré tó ṣáájú wa mọ agbára ojú. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò sọ ìtàn eré ní èdè Yorùbá, tí àwọn tí kò dé ibi eré rí fi dá òṣèré mọ̀. Ní àdúgbò wa níbí, Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ lọ́dún 1996, sọ Bàrígà di ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ijó, orin àti eré. Ẹ̀bùn pọ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ní Lẹ́kí tàbí Ìkẹjà ò lè rí ijó yín lórí fóònù ẹ̀. Fọ́tò ló máa kọ́kọ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí yín: "Bí ẹ bá rí mi nínú fíìmù, irú èèyàn wo ni ẹ máa rò pé mo jẹ́?" Nọ́ọ̀sì ni, tíṣà ni, ọmọ ìta ni, àbí ìyàwó pásítọ̀? Ìdáhùn wọn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ aṣọ àti ìṣesí tó yẹ.

Ẹ gé irun tàbí kí ẹ dì í ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kó má jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà. Irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì máa ń fa iwájú orí. Ẹ má ṣe dán ìpara tuntun wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ojú má bàa sú.

Ẹ ní kí onífọ́tò fi iṣẹ́ ẹ̀ hàn yín, pàápàá ojú àwọn tó dúdú bíi yín. Ẹ béèrè iye fọ́tò tí ẹ máa gbà, ìgbà tó máa jáde, àti ẹni tó máa ṣe àtúnṣe ẹ̀.

Aṣọ

Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta dání. Aṣọ aláwọ̀ kan, tí kò ní ìkọ̀wé tàbí àmì ilé iṣẹ́ lára, ló dára jù. Ànkárá olódòdó ńlá máa ń bá ojú jà. Ẹ má ṣe wọ àwọ̀ tó jọ ògiri tí ẹ máa dúró sí. Yẹtí kékeré ti tó. Kò di dandan kí ẹ ra tuntun. Òkìríkà láti Yábàá tó mọ́, tí ọrùn ẹ̀ kò sì tíì fẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ aṣọ náà. Kámẹ́rà máa ń rí gbogbo ibi tó bá rún.

Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ dúdú

Bí fọ́tò bá sọ yín di èédú, tàbí tó sọ yín di òyìnbó, ẹ̀bi àwọ̀ yín kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì Kodak tí àwọn ilé ìfọ̀fọ́tò fi ń yẹ àwọ̀ wò. "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Àwọ̀ tiwa ò sí nínú òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ òde òní ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń yà á ṣì ṣe pàtàkì.

Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fi òjìji sí ihò ojú. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Bí iná bá lọ, ẹ dúró kí ẹ kọjú sí fèrèsé ńlá tí oòrùn ò ti ta wọlé tààrà, kí ẹnì kan sì gbé páálí funfun dání lódìkejì láti da ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín. Àtíkè díẹ̀ tó bá àwọ̀ yín mu máa pa dídán iwájú orí. Ó tó bẹ́ẹ̀. Mékọ́ọ̀pù òde ẹ jẹ́ kó dúró de òde.

Bó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fẹ́ lò, kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kí ẹlòmíì sì yà yín. Kó má sún mọ́ yín jù: fóònù tó bá sún mọ́ ojú máa ń mú imú tóbi ju bó ṣe rí lọ.

Níwájú kámẹ́rà

Ẹ sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sì jẹun kí ẹ tó lọ. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín wálẹ̀, ẹ mí síta. Ẹ má ṣe wo kámẹ́rà bí ẹni ń wo ọlọ́pàá. Ẹ ronú nípa ẹnì kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn yín. Ẹ ya ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ ya òmíràn láìrẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn yíyà

Ìlànà kan ló wà fún àtúnṣe. Ohun tó máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí irorẹ́, wọ́n lè pa á rẹ́. Ohun tó máa bá yín dé ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó wà: ilà ojú, èjí, àpá, ewú, àti dúdú yín. Ẹni tó bá bó yín láwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíì ló ń wá iṣẹ́ fún.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, íǹṣì 8 sí 10 ni ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Kó tó lè jáde ketekete, ó yẹ kó ní píksẹ́lì 2400 sí 3000. Ẹ ò ní rìn jìnnà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gbé orúkọ Ṣómólú jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi "Document", nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ títí tí kò fi ní mọ́ dáadáa. Ẹ fi orúkọ yín sọ fáìlì náà. Bí irun tàbí ara yín bá yí padà, ẹ ya òmíràn.

Ẹ ṣọ́ra

Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022, onífọ́tò ló kọ́kọ́ ni fọ́tò, àyàfi tí ẹ bá jọ kọ ohun mìíràn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè lò ó fún iṣẹ́ yín, àti pé kò lè fi ojú yín polówó ọjà láìbi yín.

Owó fọ́tò, onífọ́tò ló ni ín. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fún yín ní ipa nínú fíìmù, ẹ rọra padà lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí headshot tó ní kí èèyàn bọ́ra sílẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání lọ síbẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18, kí òbí tàbí alágbàtọ́ bá a lọ.

Ẹ ya fọ́tò náà sílẹ̀ kí ìkéde tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì pè yín, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo fọ́tò, kó wò yín lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì ní kí ẹ máa wọlé bọ̀.