Erédò Súngbọ́ àti Àwọn Tó Ń Lọ Wò Ó

Nínú gbogbo iṣẹ́ ńlá tó kù nílẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí agbára àwọn ọba ayé àtijọ́, èyí tó tóbi jù lọ kì í ṣe ààfin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ère. Yàrà ni, ìyẹn kòtò gígùn tí a gbẹ́ yí ìlú ká, tí a sì kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi di òkìtì tó dúró bí odi. Erédò Súngbọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gba títì Ìkòròdú láti Ìtamágà, tó la Ìtòikín kọjá dé Ẹ̀pẹ́, tó sì wá kọrí sí Ìjẹ̀bú-Òde, yóò ré e kọjá nítòsí ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n bóyá ni yóò mọ̀, nítorí igi àti ìtàkùn ti bò ó.

Yàrà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 160, Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké sì wà láàárín rẹ̀. Níbi tó ti jìn jù, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé ṣóńṣó òkìtì tó mítà 20. Patrick Darling, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní 1999, ṣírò erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 mítà kúbíìkì, èyí tó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ju ohun tó wà nínú pírámíìdì ńlá tí wọ́n kọ́ fún Fáráò Khufu ní Íjíbítì. Àfiwé náà dùn mọ́ àwọn oníwèé ìròyìn, ó sì tọ́ ní ti ìṣirò, àmọ́ ó lè ṣi àlejò lọ́nà: pírámíìdì, òkèèrè ni a ti ń rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí Erédò ní láti sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó tó mọ bí ògiri amọ̀ pupa náà ti ga tó lọ́tùn-ún àti lósì.

Òkìkí rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láàárín 1505 sí 1508, atukọ̀ ará Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú ńlá kan wà tí yàrà gbòòrò yí ká, orúkọ tó sì fún ìlú náà àti ọba rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ tí à ń pè lónìí. Ọjọ́ orí yàrà náà gan-an ti fa àríyànjiyàn. Darling rò pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí Gérard Chouin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà tọ́ka sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Kí ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún? Ogun nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀, nítorí kò sí iye jagunjagun tó lè ṣọ́ kìlómítà 160 tọ̀sán tòru. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ni pé ààlà ni, tó ń fi ibi tí àṣẹ ọba ti bẹ̀rẹ̀ han ẹni tó ń bọ̀, tó sì ń darí èrò sí ẹnu ibodè tí oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Ìjẹ̀bú kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà rárá: torí pé wọ́n di ọ̀nà òwò láàárín ọ̀sà àti òkè ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1892, tí wọ́n sì fi ìbọn ayára-bí-àṣá ṣẹ́gun wọn. Yàrà kò lè dá irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ dúró.

Síbẹ̀ ìtàn ẹnu kò fi iṣẹ́ yìí fún Awùjalẹ̀ kankan. Bílíkísù Súngbọ́ ló fi fún, opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, tó ní kí àwọn ẹrú òun gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má bàa parun. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Èrì lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn èrò, Mùsùlùmí àti àwọn mìíràn, ti ń wọ́ lọ lọ́dọọdún láti ṣe àdúrà, nítorí àwọn kan gbà pé òun gan-an ni ayaba Ṣeba tó bẹ Sólómọ́nì wò, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Bílíkísù. Ìtàn ayé kò gbè é lẹ́yìn, torí ohun tó wà láàárín ayé Sólómọ́nì àti Erédò lé ní 2,000 ọdún. Ó sì yani lẹ́nu pé obìnrin ló sùn síbẹ̀, síbẹ̀ èèwọ̀ ni kí obìnrin wọ ojú ibojì náà.

Èrò ibojì ń pọ̀, àmọ́ ti yàrà mọ níwọ̀n. Oko ti wọ inú rẹ̀ níbòmíràn, títì ti là á já, ilé sì ń sún mọ́ òkìtì rẹ̀. Ní 1995 ni Nàìjíríà kọ ọ́, pa pọ̀ mọ́ odi ìlú Bìní, sínú àkójọ ibi tí orílẹ̀-èdè fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Igbó Òṣun Òṣogbo wọlé ní 2005, Erédò kò tí ì wọlé. Òṣogbo ní igbó kan ṣoṣo lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, àmọ́ Erédò na ara rẹ̀ gba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó kọjá, láàárín oko olóko àti ilẹ̀ onílẹ̀, tó fi jẹ́ pé kí a tó dá ààbò bo kìlómítà kan, ó di dandan kí a kọ́kọ́ bá àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ sọ̀rọ̀.