Ta Ló Ń Yin Ẹni Tó Rán An Pọ̀?

Bí a bá rí aṣọ òkè, ahunṣọ là ń yìn. Àmọ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, bí íǹṣì 4, ni òfì ọkùnrin ń hun. Rírán ló ń sọ ọ́ di agbádá.

Etí aṣọ òfì kì í tú. Torí náà, ẹ fi etí kan etí, kí abẹ́rẹ́ máa gba ọ̀tún bọ́ sí òsì; ẹ má fa òwú le jù.

Aṣọ òyìnbó tí àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ń tà láwìn láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá gé e, etí rẹ̀ á máa tú. Ẹ rán an, ẹ ká etí rẹ̀ wọnú, kí ẹ tún un rán mọ́lẹ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ ń ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí ojú rírán bá já, agbádá olówó ńlá di ọ̀já lásán.