Owó Iná ní Alímọ̀ṣọ́: Èdè Wo La Ó Fi Béèrè Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ọkọ̀ katakata tí wọ́n fi ń la ọ̀nà ní Ìjẹ̀gún gún ọ̀pá epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Epo tú jáde, iná sọ, ó jó ilé, ó jó mọ́tò, ó sì ká àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́ ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross ní àwọn tó kú tó ọgọ́rùn-ún. Kí ó tó di ìgbà náà, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, àwọn olè ti lu ọ̀pá epo ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àwọn èèyàn ń gbọ́n epo nígbà tí iná gbà á, ẹni tó bá a lọ sì lé ní igba. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ibi méjèèjì wà.

Ó pẹ́ tí igbó ti tán lágbègbè Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò. Iná ọ̀pá epo ni iná tiwa, kì í ṣe iná igbó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981 fún àjálù àyíká, tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund, ti ń ka iná igbó mọ́ àgbàrá, ọ̀dá àti epo tó dà sílẹ̀. Káńsù tó bá fẹ́ kọ̀wé béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀: kí ni iná jó, ilé ta ni, kí ni a fẹ́ ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀? Ẹnu ará àdúgbò ni ẹ̀rí yìí wà, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń sọ ọ́. Bí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó náà kò bá ní èdè tó yé wọn, ẹni tí wọ́n gbà láti bá wọn kọ̀wé ni yóò máa méfò lórí òfò wọn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ ká jókòó ti àwọn ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù náà.

Ẹ jẹ́ ká mú owó fúnra rẹ̀. Owó ìrànwọ́ ni àwọn oníròyìn máa ń pè é. Mi ò fara mọ́ ọn. Létí ará Ìkòtún, ìrànwọ́ ni àpò ìrẹsì àti mátírẹ́ẹ̀sì tí olóṣèlú ń pín lẹ́yìn iná: a gbà á, a dúpẹ́, ó parí síbẹ̀. Ta ni í béèrè ìṣirò ìrànwọ́? Kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó, nítorí kò lélé, a kì í sì í dá a padà bí iṣẹ́ bá ti di ṣíṣe. Mo dábàá owó àfiṣiṣẹ́, lọ́nà tí àwọn oníṣòwò gbà ń sọ pé owó àfiṣòwò. Iṣẹ́ wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé káńsù ti gba owó àfiṣiṣẹ́, ohun tí yóò béèrè tẹ̀lé e ni pé, iṣẹ́ ọ̀hún dà?

Owó yìí kì í sábà wá lófìfo. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn àwọn iná bíi èyí tó run ìlú Paradise ní 2018, tó pa èèyàn 85, òfin ọdún 2021 ya bílíọ̀nù dọ́là kan sọ́tọ̀ fún ọdún márùn-ún, kí àwọn ìlú lè fi múra de iná igbó. Ìlú tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ sábà máa ń ní láti mú nǹkan wá látinú àpò ara rẹ̀. Ìdáwó ni mo pe ìyẹn, nítorí gbogbo wa la ti ń dáwó láàárín ọ̀rẹ́ àti ẹbí.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ìmúbọ̀sípò, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ẹ̀yìn àjálù. Ó dún dáadáa lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ: kí á mú nǹkan padà sí ipò tó wà. Ní Ìjẹ̀gún, ipò tí ilé mìíràn wà ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá epo gan-an! Bí a bá mú un bọ̀ sípò, a ti dá a padà sẹ́nu iná. Gbígbé dìde ló yẹ kí á máa wí. Ẹni tó ṣubú sójú títì, a ó gbé e dìde, a ó sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kì í dá a dúró síbi tí mọ́tò ti gbá a. Ọ̀rọ̀ yìí fàyè sílẹ̀ fún ilẹ̀ tuntun, ó tún fàyè sílẹ̀ fún ayálégbé. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí bí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè dúkìá, ìwé ilé ni wọ́n máa ń wá, onílé nìkan ló sì ní in. Obìnrin tí fìríìjì àti ọjà rẹ̀ jóná nínú yàrá tó háyà ńkọ́? Mo fẹ́ kí ìbéèrè náà kà báyìí: “Kí ni iná jó mọ́ ọ lọ́wọ́?”

Ìdènà, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí iná tún ṣẹlẹ̀, kò burú, àmọ́ kò sọ bí a ó ṣe ṣe é. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó le, àgbẹ̀ a máa ro etí oko rẹ̀ yíká kí iná má rí koríko gbà kọjá. Ilẹ̀ tí ọ̀pá epo gbà kọjá ni etí oko tiwa, ó sì yẹ kó ní orúkọ tí kò ní rúni lójú. Níwọ̀n bí a ti ní àìgbọdọ̀máṣe, kí ló dé tí a kò lè ní ilẹ̀ àìgbọdọ̀kọ́lé? Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó láti Ìjẹ̀gún dé Abúlé Ẹ̀gbá.

Ọ̀rọ̀ káńsù fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 mọ ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ Èkó pín in sí mẹ́fà, Ìkòtún-Ìgàndò àti Agbádó/Òkè-Odò sì wà nínú wọn; káńsù ni a ń pe gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn. Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù dárúkọ èyí tó ń béèrè àti èyí tí yóò jíhìn.

A ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ní 1991, wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin jáde ní èdè mẹ́rin, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ti iná kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ogójì ọ̀rọ̀ lè ká a. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ èyíkéyìí nínú wọn sórí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sétí àwọn onílé àti ayálégbé ní ìpàdé àdúgbò ní Ìjẹ̀gún. Èyí tí wọ́n bá ní kò yé àwọn, títí kan àwọn tí mo dá lábàá níhìn-ín, kí wọ́n pa á rẹ́.