Olúewu, Aláàfin ìkẹyìn ní Ọ̀yọ́-Ilé

Olúewu ni Aláàfin tó jẹ kẹ́yìn ní Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí ahoro rẹ̀ wà nínú Old Oyo National Park ní Nàìjíríà lónìí. Ó gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1833, ó sì bá ogun lọ ní nǹkan bí ọdún 1835. Bí ará Kambolé, ní agbègbè Tchamba ní Tógò, bá kọjú sí ìlà oòrùn, tó la ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá, apá ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́-Ilé wà. Nikki, ìlú àwọn Ìbàrìbá tí ọba wọn bá Olúewu kú sógun, wà ní àríwá ọ̀nà náà. Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa.

Wàhálà tó jogún ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi í jọba. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò (olórí ogun Ọ̀yọ́) tó wà ní Ìlọrin, dìtẹ̀ sí Aláàfin Awólẹ̀. Awólẹ̀ pa ara rẹ̀. Adébọ̀ àti Màkú tó jẹ tẹ̀lé e kò pẹ́ lórí oyè. Àfọ̀njá pe Àlímì, ààfáà Fúlàní, mọ́ra, ṣùgbọ́n ogun tó kó jọ ló padà pa á. Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Àlímì: Abdulsalam ló kọ́kọ́ jẹ, Ṣítà tẹ̀lé e. Nígbà tí Aláàfin Amodó fi wàjà tí oyè kan Olúewu, Ìlọrin ló lágbára jù, Ọ̀yọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀.

Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé Ṣítà ránṣẹ́ pe Olúewu kí ó wá foríbalẹ̀ ní Ìlọrin. Ó lọ. Bí ó ti ń wọ̀lú ni wọ́n ń lu gbẹ̀du níwájú rẹ̀. Ṣítà béèrè irú ìlù tí wọ́n ń lù. Nígbà tí wọ́n ní ìlù ọba ni, inú bí i, ó ní ọba méjì kò lè wà nílẹ̀ òun, ó sì gba ìlù náà. Ẹni tó mọ ohun tí gbẹ̀du jẹ́ láàfin yóò mọ̀ pé adé nìkan ló kù tí wọn kò ṣí lórí ọkùnrin yìí. Nígbà tí ìpè kejì dé, pé kí ó wá gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù níwájú ọba Ìlọrin, Olúewu kọ̀. Ẹ̀sìn nìkan kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni tó ni Ọ̀yọ́ ni. Mo gbà pé kíkọ̀ rẹ̀ tọ̀nà.

Ó ké sí Nikki. Ọba Sero Kpera kó ogun Ìbàrìbá wá, àwọn balógun Yorùbá náà kó tiwọn wá, wọ́n sì dojú kọ Ìlọrin nínú ogun tí à ń pè ní Ogun Ẹlẹ́dùwẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n inú àwọn ìjòyè Yorùbá kò ṣọ̀kan; Johnson kọ ọ́ pé àwọn kan nínú wọn kò fi tọkàntọkàn jà rárá. Ìlọrin tú wọn ká. Olúewu kú, Sero Kpera kú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Harold jọba ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1066, ó kú sójú ogun Hastings ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà. Àwọn ará Normandy gba ìjọba, àmọ́ London kò tú. Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àwọn ará ìlú kó ẹrù wọn, púpọ̀ nínú wọn gba gúúsù lọ, kò sì sí ọba tó tún gbé ibẹ̀ mọ́. Ìlọrin ṣì ń gbógun lọ sí gúúsù; ọdún 1840 ni Ìbàdàn tó dá ogun wọn dúró ní Òṣogbo.

Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, ló jẹ lẹ́yìn Olúewu, ní Àgọ́-Ọjà tó di Ọ̀yọ́ tòní. Ilé Àgúnlóyè àti ilé Alówólódù, tí à ń mú Aláàfin láti inú wọn dòní, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Àtìbà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀.